Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Bí Mo Bá Tẹ Bíréèkì

Ní Èsìẹ́, ewúrẹ́ lè ṣàìsàn títí yóò fi kú kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, gbogbo ìlú ni oníṣègùn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ mi gbọ̀n fún oṣù mẹ́ta gbáko, n kò sì rí ẹnì kan ṣoṣo tó sọ pé òun kò mọ ìdí rẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni, iwájú rẹ̀ gba èèyàn mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń kó láti oko lọ sí ọjà Òmù-Àrán. Bí mo bá ń sáré, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìgbà tí mo bá tẹ bíréèkì láti dín eré kù ni gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Sitiárìn á máa lu ọwọ́ mi, díńgí á máa jó, ilẹ̀kùn apá kejì, tí kì í ṣí bí èèyàn bá ń bẹ̀ ẹ́, á fẹ́ ṣí fúnra rẹ̀.

N kò kà á sí. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún ní ẹ̀tọ́ láti gbọ̀n díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló sọ ọ́ di ọ̀ràn.

Òun ni àkọ́bí mi, nọ́ọ̀sì ni ní Ìlọrin. Ó wá kí mi ní ọdún Iléyá, mo sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí gáréèjì Òmù-Àrán níbi tí yóò ti wọ mọ́tò padà. Ọ̀nà náà ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ìdàgẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi kò wo sitiárìn. Ọwọ́ mi ló ń wò.

“Bàbá mi, ọwọ́ yín ń gbọ̀n.”

Mo ní ọkọ̀ ni.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó wá kọjú sí ìta. Mo mọ ìwò yẹn. Irú rẹ̀ ni àwọn dókítà fi wo ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kí wọ́n tó pè mí sí kọ̀rọ̀.

Nígbà tí a dé gáréèjì, ó ti dá ẹjọ́ náà tán. Òun yóò padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Bí gbígbọ̀n náà bá ṣì wà, kí n ta ọkọ̀, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Ìlọrin. Yàrá ti wà nílẹ̀. Mo ti rí yàrá náà. Fáànù wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ògiri aládùúgbò. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe nínú rẹ̀ ju kó máa dúró de ìgbà tí wọ́n máa gbé oúnjẹ wọlé. Ọmọ mi gbà pé ìsinmi nìyẹn.

N kò lè bá a jiyàn pẹ́. Àwọn obìnrin tó ń ta iṣu máa ń jókòó níwájú pẹ̀lú mi lọ́jọ́ ọjà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n lóòótọ́, kò yẹ kí n máa gbé ẹnikẹ́ni. Nítorí náà mo ní oṣù méjì láti mọ èyí tó ń gbọ̀n nínú àwa méjèèjì.

Ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò ni alága gáréèjì wa. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti wakọ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wọ ìbọ̀wọ́ awakọ̀. Kò wọnú ọkọ̀ mi. Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà kan, ó ta ìkejì, ó ní táyà ni. Mo dúpẹ́. Fọkanáísà tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé tiwájú sẹ́yìn, ó gbé tẹ̀yìn síwájú, ó fi afẹ́fẹ́ kún wọn. Ọkọ̀ gbọ̀n dé ilé. Nígbà tí mo sọ fún alága, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ó kéré tán, a ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe táyà. Bí èmi bá ṣe àṣìṣe, àṣìṣe ni. Bí alága bá ṣe é, ìwádìí ni.

Ó ní kí n lọ bá mẹkáníìkì kan tó wà lẹ́yìn gáréèjì. Ọkùnrin yìí yára púpọ̀. N kò tíì parí gbólóhùn mi tó fi sọ pé ẹ́ńjìnnì síìtì ni, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n. Ó ní ó yẹ kí òun ti mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì ni. Ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ wá ń gbọ̀n lórí ṣọ́ọ̀kì tuntun, èyí tó fún gbígbọ̀n náà ní iyì díẹ̀. Nígbà tí mo padà dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó nu ọwọ́, ó wò mí tàánú-tàánú.

“Bàbá, ṣé ẹ ò lè dín bíréèkì títẹ̀ kù ni?”

Mo ronú sí ìmọ̀ràn náà títí mo fi délé. Ó dára gan-an fún ẹni tí kò bá fẹ́ dúró mọ́ láyé.

Aládùúgbò mi tí a jọ máa ń kírun gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò ilé mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ojú ni, àwọn kan ń wo ọkọ̀ náà. Mo bi í pé ojú ta ni. Ó ní kò yẹ kí òun dárúkọ. Mo ní kí ló dé tí ojú náà kì í rí mi nígbà tí mo bá ń sáré, tó fi jẹ́ pé àfi tí mo bá tẹ bíréèkì. Ó ronú sí i dáadáa.

“Ojú mìíràn máa ń ní sùúrù,” ló wí.

Ó ní kí n ṣe sàárà. Mo ṣe é, nítorí pé kò sí ohun tó burú nínú kí àwọn ọmọ iléekéwú jẹ àkàrà. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ṣe àdúà, ọkọ̀ gbọ̀n.

Oṣù kan ti lọ. Ọmọ mi ń pè, kì í béèrè ọkọ̀ mọ́, ọwọ́ ló ń béèrè. Ó bi mí bóyá mo lè de bọ́tìnnì dáadáa. Ó bi mí bóyá ṣíbí ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní ọwọ́ ni mo fi ń jẹun. Kò rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo na ọwọ́ mi síwájú, mo wò ó. N kò rí nǹkan kan. Mo gbé ife tíì kan lé àtẹ́lẹwọ́. Ojú tíì náà kò dúró. Mo gbé ife náà sórí tábìlì, mo wò ó níbẹ̀, ó dúró. N kò fẹ́ràn ẹ̀rí yẹn rárá. Mo mu tíì náà tán kí ẹlòmíràn má baà rí i.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àga àwọn ọmọdé ni wọ́n fi wá jókòó sí, orúnkún mi ń kan àyà mi. Ìyàwó mi, tó ti ka ìwé mẹ́fà, ló ń yẹ iṣẹ́ mi wò nílé, kì í sì í fi ojú àánú wò ó. Ẹni tó pẹ́ kó tó mọ̀wé máa ń gba ìwé gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí gbogbo àwọn tó mọ̀ ti sọ tiwọn tán, mo ra ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan, mo so bírò mọ́ ọn, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sitiárìn.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi kọ ọ́. Òwúrọ̀, ọkọ̀ tutù, kò sí ẹrù: ó gbọ̀n díẹ̀. Ọ̀sán, ẹrù iṣu, lẹ́yìn ìdàgẹ̀rẹ́: ó gbọ̀n gan-an. Sísọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú jíà kejì, ẹsẹ̀ kò kan bíréèkì: kò gbọ̀n rárá. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Ọwọ́ mi wà lórí sitiárìn ní gbogbo ìgbà yẹn. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni, kò yẹ kó mọ jíà yàtọ̀ sí bíréèkì. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọmọ mi máa sọ. Ó máa ní ìbẹ̀rù ni, pé ìgbà tí mo bá fẹ́ dúró ni ara mi kì í gbà á.

Alága rí ìwé náà níwájú ọkọ̀. Ó ṣí i, ó kà á fún àwọn awakọ̀ tó kù bí ẹni ń ka ìròyìn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Tíṣà. Wọ́n á ní, “Tíṣà, ọkọ̀ yín ti yege?”

Mẹkáníìkì mìíràn wà ní òpin ìlú, tí ẹnikẹ́ni kì í yìn, nítorí pé kì í sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn kì í fọkàn tán mẹkáníìkì tí kò bá sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kó tó rí i. Èmi náà ò fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọ mi dé. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá a, mo na ìwé náà sí i. Ó kà á, ó ṣí ojú ewé, ó kà á dópin.

“Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni.”

Ó dá ìwé padà fún mi tọwọ́tọwọ́, ó wọlé sí àyè awakọ̀, ó ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó sáré díẹ̀ lójú títì, kò kan bíréèkì ẹsẹ̀, ó rọra fa ti ọwọ́, èyí tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń mú. Ọkọ̀ dín eré kù, ó dúró, kò gbọ̀n. Ó tún sáré, ó wá tẹ ti ẹsẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un.

Mo wo ọwọ́ mẹkáníìkì náà lórí sitiárìn. Ọkùnrin ogójì ọdún ni, ọrùn rẹ̀ le bí igi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ọwọ́ tèmi wà lórí itan mi, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. N kò rántí ìgbà tí ìyọnu ẹlòmíràn dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe, kí n lè rí i dáadáa.

“Iwájú ni,” ló wí. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn kí a tó padà.

Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó tú táyà òsì. Dísìkì wà nínú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ róbótó tí bíréèkì máa ń há mọ́ láti dá táyà dúró. Ó so ìṣó kan mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹnu ìṣó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dísìkì, ó wá fi ọwọ́ yí dísìkì náà. Ìṣó náà ha á níbì kan, ó fò ó níbì kan. Ó ha á, ó fò ó. Dísìkì náà ti wọ́. Bí bíréèkì bá há irin tó wọ́, a máa tì í síhìn-ín, a máa fà á sọ́hùn-ún, gbígbọ̀n náà nìyẹn. Ó ṣe bákan náà fún ti ọ̀tún. Ìṣó kò kan nǹkan kan.

Ó jókòó sórí táyà tó tú, ó ń wò mí. Ó ní irin kì í wọ́ láìnídìí. Ooru àti omi ló ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí irin tó gbóná bá ń rí omi tútù lójijì. Bó bá jẹ́ omi ọ̀nà ni, ti ọ̀tún náà ìbá wọ́.

“Kí lẹ máa ń ṣe sí ti òsì?”

Mo ní n kò ṣe nǹkan kan sí i. Lẹ́yìn náà ni mo rántí omi ìrọ̀lẹ́.

Ará Ìjàrà-Ìsin ni ìyàwó mi. Nílé bàbá rẹ̀, ẹni tó bá ti oko tàbí ìrìn àjò dé, wọ́n á bu omi sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní ọ̀nà gbóná, ilé tutù. Nígbà tí mo ra ọkọ̀, ó ní ọkọ̀ náà ti di ẹsẹ̀ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí táyà rẹ̀ bí mo bá ti dé. Táyà òsì ni, nítorí pé òun ló máa ń wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà wa. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo bi í bóyá yóò tún fún ọkọ̀ ní àga àti oúnjẹ. Nígbà tó kú, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bu omi, mo dà á sí táyà náà. N kò mọ ohun tó mú mi ṣe é. N kò tíì fò ó lọ́jọ́ kan láti ìgbà náà.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún mẹkáníìkì náà. Ó ṣòro fún mi. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ìgbà wo ni ìyá máa ń da tiwọn?”

Mo ní bí mo bá jẹun tán. Ó máa gbé oúnjẹ fún mi, ó máa jókòó tì mí, lẹ́yìn rẹ̀ ló máa tó jáde.

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Kí n tó wọlé.”

Ó mi orí. “Irin ti tutù kí omi tiwọn tó kàn án. Omi ò ṣe nǹkan kan fún yín, Bàbá. Kánjúkánjú ni.”

Ó dìde, ó lọ wá dísìkì méjì àti ohun tó ń há a. Èmi jókòó síbẹ̀. Alága, mẹkáníìkì àkọ́kọ́, aládùúgbò mi, gbogbo wọn ni mo ti fi ṣe ẹlẹ́yà lọ́kàn mi fún oṣù kan àbọ̀. Kò sí èyí tó ba ọkọ̀ náà jẹ́ nínú wọn. Èmi ni, pẹ̀lú abọ́ omi kan, lójoojúmọ́.

Ọmọ mi dé ní ọjọ́ tó dá. Ó gbé báàgì ńlá kan wá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tó fẹ́ kó sí i. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí oko kí n fi iṣu hàn án, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe iṣu ni mo fẹ́ fi hàn án. Bí a ti ń bọ̀, ní ìdàgẹ̀rẹ́ tó wọ ìlú wa, mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ rọra dín eré kù bí ẹni tó ń wọ mọ́ṣáláṣí. Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá fara ti àga.

“Kí ló bà á jẹ́?”

Mo lè sọ pé dísìkì ni, irọ́ kọ́. Ó jẹ́ irú òtítọ́ tí kì í dá ènìyàn lẹ́bi.

“Ọwọ́ mi ni,” ni mo wí. Mo wá sọ fún un nípa omi náà, títí a fi dé ilé. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí lọ́dún yẹn.

Mo rò pé ó máa ní òun kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a ti dúró níwájú ilé, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ kì í jẹun kí ẹ tó dà á, bíi ti tẹ́lẹ̀?”

Mo ní gààrí ni mo sábà ń mu, gààrí mímu kì í sì í pẹ́ tó kí bíréèkì tutù.

Ó kọjú sí fèrèsé. N kò rí ojú rẹ̀, n kò sì wá a. Ó bi mí bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí irin náà tó tutù. Mo ní tó ogún ìṣẹ́jú, bí ẹrù bá wà. Ó ní ó dáa. Kò dá ẹjọ́ mìíràn lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ ló sè.

Ní ọjọ́ kejì, kó tó wọ mọ́tò ní Òmù-Àrán, ó sọ bí yóò ṣe rí. Yàrá Ìlọrin lè dúró. Ọkọ̀ lè dúró lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí n pe òun kí n tó bu omi, a ó sì máa sọ̀rọ̀ títí irin á fi tutù. Mo ní kí la fẹ́ máa sọ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé bí kò bá sí.

Iṣu ló gbé lọ nínú báàgì náà.

Báyìí ni wọ́n ṣe fi èmi, tí n kì í sọ̀rọ̀, sídìí ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sórí òkúta lẹ́bàá táyà òsì, fóònù létí, bíi dókítà tó ń ṣọ́ aláìsàn. Mo máa ń sọ iye iṣu tí mo gbé. Mo máa ń sọ ohun tí alága wí, tí kò bọ́gbọ́n mu rárá. Òun náà máa ń sọ nípa àwọn aláìsàn rẹ̀ àti nípa ọkọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Èmi náà sọ díẹ̀.

Ní àná, ó bi mí bóyá irin náà ti tutù. Ọwọ́ mi ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, ó tutù bí òkúta. Mo ní kò tíì tutù.